Bí Mo Ṣe Fi Ẹsósóòmù Wo Ọwọ́ Màmá Emùré

Ọjọ́ kan wà tó kọ́lé sí mi lọ́kàn, tó kọ̀ tí kò kó jáde títí dòní. Bí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀, á yọjú. Bí mo bá jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnì kan sì ṣèèṣì bojú wẹ̀yìn, màá ti rò pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn ló ń rò, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ aago ara ògiri ló ń wò. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ohun tí kò tó nǹkan máa ń gba oorun lójú mi. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí tó nǹkan, nítorí ọwọ́ ẹlòmíì ló bá a lọ, n kò sì rí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi yàtọ̀ sí èmi fúnra mi. Mo ti wá a dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá Emùré. Emùré-Ilé ló ń gbé, gààrí ló ń ṣe níbẹ̀, láti kékeré la sì ti ń fi orúkọ ìlú náà pè é. Ó ti tó ọdún kan tí èélá ti mú un lọ́wọ́ méjèèjì. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sán bí ilẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àárín ìka rẹ̀ sì pọ́n. Ó fi àdí pa á títí, kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan, àfi ìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Bíṣọ́ọ̀bù wá ṣe ìgbọ́wọ́lélórí fún àwọn ọmọ ìjọ wọn.

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá Emùré ti ń se oúnjẹ Bíṣọ́ọ̀bù. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló ń dáná lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀gá ìdáná. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ da iyọ̀ sọ́bẹ̀ bí òun kò bá tíì tọ́ ọ wò. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, nítorí náà ìdí ààrò yẹn ni ipò rẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn. Ní Sátidé kan, ó wọlé tọ̀ wá wá ní Ọ̀wọ̀. Omi tí mo gbé fún un, kò mu ún. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tó ṣì ń bọ̀ wá dìde.

"Wọ́n ní kí n máa ka àwo," ó wí fún ìyá mi.

"Àwo wo, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Àwo oúnjẹ ni. Ìyá Ẹgbẹ́ ní bí Bíṣọ́ọ̀bù bá dé, kí n jókòó ti tábìlì, kí n máa ka àwo tó ń jáde àtèyí tó ń wọlé. Ó ní kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ mí o. Ó ní àwọn kan ló ń wo ọwọ́ mi."

Ìyá mi ṣe háà. Màmá Emùré bá kọjú sí mi. "Dókítà, gbogbo ọdún tí o lò ní yunifásítì, ṣé wọn ò kọ́ yín ní ohun tó lè wo irú eléyìí?"

N kì í ṣe dókítà. Báyókẹ́místírì ni mo kà, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ohun abẹ̀mí. Èsì tó yẹ kí n fún un kò ju gbólóhùn kan lọ: Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ìwòsàn. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bí ọkàn mi ṣe rí nígbà náà. Mo ti sin ilẹ̀ baba mi tán láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, mo wà nílé, mò ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Láti oṣù mẹ́jọ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni gbogbo ayé ń bi mí: "Ṣé wọ́n ti pè ọ́?" Kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo mọ̀. Nígbà tí Màmá Emùré wá bi mí, bí ẹni pé wọ́n fi nǹkan fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi lórí ni.

"Wọ́n kọ́ wa, Mà," mo wí. "Ẹsósóòmù."

"Ẹ kí ni?"

Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì dá lé e. Ojú ìwé mọ́kànlá ni, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíì tí mo tò pọ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ara wa kún fún àwọn ohun tíntìntín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì, àti pé bí sẹ́ẹ̀lì kan bá fẹ́ bá èkejì sọ̀rọ̀, á di iṣẹ́ tó fẹ́ rán sínú àpò kékeré kan bí ìgbà tí èèyàn bá pọ́n mọ́ín-mọ́ín sínú ewé, á sì fi ránṣẹ́. Àpò yẹn ni ẹsósóòmù. Mo ní àwọn onímọ̀ ń fi í wo àrùn awọ ara, ó ń pẹ̀tù sí awọ tó bá ń bínú, ó ń bá egbò san. Ohun tí wọ́n kọ gan-an ni pé àwọn ṣì ń ṣe ìwádìí rẹ̀, pé kò tíì dájú. Apá yẹn ni mo gbé mì pẹ̀lú itọ́.

"Ṣé wọ́n ń tà á l'Ọ́wọ̀ níbí?" Màmá Emùré béèrè.

Ibi tó yẹ kí n dákẹ́ kejì nìyẹn. Mo ní, "Wọn ò tà á níbí, Mà. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ wà lára ewéko náà. Atalẹ̀ ní i."

"Atalẹ̀! Atalẹ̀ tó kún ẹ̀yìnkùlé mi!" Ojú rẹ̀ là. Ó gbé omi tó ti kọ̀ tẹ́lẹ̀, ó mu ún tán lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi nìkan ló ń wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ gun igi ọ̀pẹ láìní igbà. "Ṣé ó dá ọ lójú?" ó bi mí. Mo ní ó dá mi lójú.

Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n fi ń yọ ẹsósóòmù jáde. Á máa fi agbára yí omi náà títí ohun tíntìntín inú rẹ̀ á fi wà lọ́tọ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wà lẹ́kọ̀ọ́, àwòrán rẹ̀ nìkan ni mo rí. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé yíyí ló ń yí, mo rò ó pé ohun tó ń yí kò wọ́n nílé wa. Ní ọjọ́ Túsìdé, nígbà tí ìyá mi ti lọ síbi iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, mo lọ atalẹ̀ nínú bùlẹ́ńdà, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo rọ omi rẹ̀ sínú ìgò oníke méjì tí òògùn ikọ́ ti tán nínú wọn. Mo tú irin ojú fáànù pálọ̀ kúrò, mo sì fi rọ́bà tí wọ́n fi ń so ẹrù mọ́ ọ̀kadà so ìgò náà mọ́ apá rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ nípa ẹ̀rọ yẹn mọ̀ pé ẹrù inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n bi mí nínú ìdánwò, mo sì gbà á. Apá fáànù wa jẹ́ mẹ́ta. Ìgò mi jẹ́ méjì.

Mo tẹ nọ́ńbà kíní, ó yí jẹ́ẹ́jẹ́. Mo tẹ ẹ̀kẹta. Fáànù náà mì tìtì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń pa iná rẹ̀, ìgò kan já, ó gba gíláàsì ojú fèrèsé jáde. Èkejì fò sókè, ó fọ́ mọ́ àjà. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọwọ́ lórí, mo sì ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́," n kò mọ ẹni tí mò ń bẹ̀.

Nígbà tí ìyá mi dé nírọ̀lẹ́, ó dúró láàárín pálọ̀, ó gbójú sókè.

"Ta ló bì sára àjà?"

Mo ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, Mà. Ó gbá gíláàsì ilẹ̀, ó sì wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Ènìyàn tó bá ní làákàyè á ti gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí, ojú sì ń tì mí láti pe Màmá Emùré kí n sọ pé n kò lè ṣe é. Mo lọ atalẹ̀ mìíràn, ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo gbé e sínú fíríìjì títí ilẹ̀ fi mọ́, mo sì ré omi tó là lórí rẹ̀ sínú ike ìpara kan. Mo sọ fún ara mi pé ohun tí ẹ̀rọ ń fi ìyára ṣe, sùúrù náà lè ṣe é. Mo tilẹ̀ dán an wò. Mo fi í pa apá mi, ó kàn gbóná díẹ̀ ni. Apá mi tí mo sọ yìí, awọ rẹ̀ jọ̀lọ̀, kò sán níbì kankan. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ọwọ́ tó ti là yàtọ̀ sí apá tó dán.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gun ọ̀kadà lọ sí Emùré-Ilé, mo gbé kúlà kékeré lé ẹsẹ̀. Mo rò pé èmi àti Màmá nìkan la máa wà níbẹ̀. Àṣé ó ti ránṣẹ́ pe Ìyá Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ àti obìnrin mìíràn tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìbejì, pé kí wọ́n wá wo bí ọmọ òun tó jẹ́ dókítà ṣe máa wo òun sàn. Wọ́n jókòó sórí àga níwájú ilé, wọ́n wé gèlè.

"Ẹ káàbọ̀ o, Dókítà," Ìyá Ẹgbẹ́ wí. Ẹ fọkàn bá mi wò ó. Obìnrin tó ju ìyá mi lọ, ó ń kí mi ní "ẹ káàbọ̀". Ẹsẹ̀ mi kò kanlẹ̀ mọ́. Mo dìde dúró, mo kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹsósóòmù fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo dárúkọ àwọn orílẹ̀-èdè òkè òkun. Mo yàwòrán sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú igi. Ìyá Ìbejì ń mi orí, ó ń wí pé, "Ọlọ́run tóbi." Lẹ́yìn náà ni mo fi omi atalẹ̀ pa ọwọ́ Màmá Emùré láti ọrùn ọwọ́ dé èékánná, mo sì fi ọ̀rá wé e kí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ má baà sá lọ.

Gbogbo wa tẹjú mọ́ ọn.

"Ó ń ṣiṣẹ́," Màmá Emùré wí, ó rẹ́rìn-ín sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ó ń ṣiṣẹ́, Mà."

"Ó ń ta mí díẹ̀."

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń jẹ́, Mà. Wọ́n ti débẹ̀."

"Wọ́n pọ̀ o." Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó dìde. Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí agbada gààrí rẹ̀ po, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń yin Olúwa, ó wá bọ́ sí èdè Ọ̀wọ̀ pọ́ńbélé, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá mi kò jẹ́ kí á sọ nílé. Ó fi eyín fa ọ̀rá náà ya, ó ki ọwọ́ bọ inú àgbá omi òjò dé ìgbọ̀nwọ́. Ó dúró síbẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ó wá yíjú sí mi.

"Ọmọ yìí, irú iṣẹ́ wo lo rán sí mi lára?"

Mo gbé kúlà mi, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tún gbé e.

Ní ọjọ́ kejì, ọwọ́ náà wú, ó lé ròrò. Ẹkún wà lójú mi, àmọ́ ohun tó burú jù kò tíì dé. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, Màmá Emùré pe ìyá mi lórí fóònù. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ kì í jókòó tì í mọ́. Ìyá Ẹgbẹ́ ti ní kó má ṣèyọnu nípa àwo kíkà mọ́, kó kúkú sinmi nílé lọ́jọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù bá dé. Kí ló fà á? Èmi ni. Ìyá Ìbejì ti ròyìn káàkiri pé dókítà gidi ló wá láti Ọ̀wọ̀, pé ó gbé òògùn òkè òkun tó lágbára wá nínú yìnyín, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ yanjú. Bí irú òògùn bẹ́ẹ̀ bá wá já sí pé ọwọ́ ń bó, a jẹ́ pé ohun tó wà lọ́wọ́ Màmá Emùré ju èélá lọ. Àwọn kan ti dárúkọ ẹ̀tẹ̀.

Ẹ ò rí i? Ká ní wọ́n mọ̀ pé òmùgọ̀ ni mí, wọn ì bá bú mi, ọ̀rọ̀ á sì tán. Nítorí pé wọ́n gbà mí gbọ́ ni wọ́n ṣe ń sá fún un.

Ìyá mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó kó àwa méjèèjì lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti dàgbà díẹ̀ yẹ ọwọ́ náà wò lábẹ́ iná.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Mà, nínú ìwádìí tuntun nípa ẹsósóòmù tó wá láti ara ewéko..." mo bẹ̀rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, mo ní kí lẹ fi sí i."

"Atalẹ̀."

"Atalẹ̀ tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ó kọjú sí Màmá Emùré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní àwọn ìbéèrè tí èmi kò bi í rí. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe, Mà? Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lẹ̀ ń ki ọwọ́ bọ omi ẹ̀gẹ́? Ọṣẹ wo lẹ fi ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀? Lẹ́yìn náà ni dókítà gidi wọlé, ó wò ó, ó sì sọ ohun tó ń ṣe é: èélá ọwọ́ tí omi ẹ̀gẹ́ àti ọṣẹ líle máa ń fà ni. Kò ràn. Wọ́n fún un ní ìpara, wọ́n ní kó máa wọ ìbọ̀wọ́ òwú sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà bó bá ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì. Gbogbo ohun tí mo ti fi odindi ọ̀sẹ̀ kan àti fáànù wá, kò gbà wọ́n ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Bí a ti ń jáde, Màmá Emùré ní, "Bí mo bá fi káàdì yìí hàn wọ́n, wọ́n á ní mo rà á ni."

Mo mọ ohun tó kù láti ṣe. Mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí ó ti pè. Inú mi kàn ń wá ọ̀nà mìíràn ni.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo dúró níwájú ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Wọ́n tó ogójì. Màmá Emùré jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní òun nìkan, báńdéèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ mi sí ojú ìwé méjì. Mo kí wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní èrò rere ni mo ní lọ́kàn, pé ọkàn mi kò balẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà nílé, pé nínú iṣẹ́ ìwádìí...

"Dókítà," Ìyá Ẹgbẹ́ já lu ọ̀rọ̀ mi, "ṣé ó ràn àbí kò ràn?"

"Kò ràn, Mà. Káàdì ilé ìwòsàn rèé."

"Kí ló wá bó o lọ́wọ́?"

"Èmi ni, Mà. Kì í ṣe òògùn òkè òkun. Atalẹ̀ ni. Atalẹ̀ ni mo lọ. Ẹ má pè mí ní dókítà, Mà, n kì í ṣe dókítà. N kò tíì níṣẹ́ lọ́wọ́ rárá."

Arúgbó kan lẹ́yìn wá wí pé, "Ó fi atalẹ̀ pa egbò! Ó kù kó fi iyọ̀ sí i, ká máa jẹ ẹ́!" Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń lu bẹ́ǹṣì. Ìyá Ìbejì, tó ti ń wí pé Ọlọ́run tóbi lọ́jọ́sí, ló rẹ́rìn-ín jù. Mo wo ilẹ̀, mo ń ka àwọn táìsì ibẹ̀. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ó tó," Màmá Emùré wí. "Ọwọ́ mi ló bó, èmi ni kí n rẹ́rìn-ín bó bá yẹ ká rín in. Ọmọ náà ti jẹ́wọ́."

Ìyẹn dùn mí ju ẹ̀rín wọn lọ. Ìyá Ẹgbẹ́ nu ojú rẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó ti Màmá Emùré lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, ó sì gba káàdì náà kà. Ó wá dá ẹjọ́ mi. "Ọwọ́ rẹ̀ lo bà jẹ́. Ọwọ́ tìrẹ ni yóò fi dáná."

Bó ṣe di pé èmi nìkan ni ọkùnrin tó wà nídìí ààrò lọ́jọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù dé nìyẹn. Màmá Emùré jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń pàṣẹ. Mo bẹ iṣu. Mo gún un. Mo gé àlùbọ́sà títí n kò fi mọ ẹkún àlùbọ́sà yàtọ̀ sí ti ara mi. "Gé e kéré sí i. Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń di ọmọ odó mú? Má tọ́ ọ wò, èmi ló ń tọ́ ọ wò." Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù jẹun tán, tó ní kí wọ́n bá òun pe ẹni tó se oúnjẹ yìí, gbogbo obìnrin ibẹ̀ tọ́ka sí ẹnì kan náà. Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì jáde lọ bá a. Èmi wà lẹ́yìn ìkòkò, ẹ̀yìn ń ro mí. Inú mi dùn, ojú sì tún ń tì mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹsósóòmù kò ṣẹ̀ mí o. Bóyá lọ́jọ́ kan, àwọn tó ní ẹ̀rọ, tó ní sùúrù, tó sì mọ ohun tí wọn kò tíì mọ̀, á fi wo irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sàn. Ohun tí èmi mọ̀ kò ju orúkọ rẹ̀ lọ, mo sì fẹ́ fi orúkọ yẹn di ènìyàn lójú àwọn tó fẹ́ràn mi. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn, ara ẹlòmíì ni mo sì ti kọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ará ilé kejì wa gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó ní nǹkan kan sú sí i lẹ́yìn. Kó tó ká aṣọ ọmọ náà sókè, mo ti ń tọ́ka sí ọ̀nà ilé ìwòsàn.

"Ah-ah," ó ní, "ṣé kì í ṣe pé o kàwé ni?"

"Mo kà á, Mà," mo wí. "Ìdí tí mo ṣe ń tọ́ka nìyẹn."

Ó lọ. Mo padà sídìí lẹ́tà ìwáṣẹ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín èmi nìkan, irú ẹ̀rín tí èèyàn fi ń bo ojú.